Mílíìkì Ohun Ọ̀gbìn fún Oúnjẹ Àárọ̀

Mílíìkì ohun ọ̀gbìn ni omi funfun tí ó ń jáde nígbà tí a bá rẹ kóró kan sínú omi, tí a lọ̀ ọ́ kúnná, tí a sì sẹ́ ẹ. Sóyà, ọ̀fíọ̀, àgbọn àti ẹ̀pà ni ó rọrùn jù láti rí fún iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ọ́ọ̀tì àti álímọ́ńdì ni ó gbajúmọ̀. Ohun tó mú un funfun ni ọ̀rá inú kóró náà, tó ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ nínú omi tí purotéènì sì bò lára kí ó má baà tètè kó ara jọ. Ìmọ́lẹ̀ tó bá bọ́ lu àwọn èérún ọ̀rá wọ̀nyí a fọ́n ká, ojú a sì rí i ní funfun. Bákan náà ni ti mílíìkì màlúù.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni mílíìkì ń ṣe nínú abọ́ kọ́nfílékì tàbí ọ́ọ̀tì. Ó ń rọ oúnjẹ gbígbẹ kí ó lè lọ wẹ́rẹ́ lọ́nà ọ̀fun. Ọ̀rá rẹ̀ ń jẹ́ kí adùn pẹ́ lẹ́nu. Purotéènì rẹ̀ sì ń dí àlàfo tí àgbàdo fi sílẹ̀. Iṣẹ́ kẹta yìí ni a kì í sábà rántí. Purotéènì àgbàdo kò ní láísììnì tó, bẹ́ẹ̀ láísììnì wà lára àwọn èròjà tí ara ènìyàn kò lè ṣe fúnra rẹ̀, àfi kí ó rí i nínú oúnjẹ. Omi funfun tó tutù tó sì dùn lè ṣe iṣẹ́ méjì àkọ́kọ́ láìkù síbì kan, kí ó má sì lè ṣe ìkẹta rárá. Nítorí náà, ó tọ́ kí a mọ ohun tí a fi ṣe mílíìkì kan kí a tó máa dà á sórí oúnjẹ ọmọ iléèwé láràárọ̀.

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni mílíìkì màlúù kì í bá lára mu. Ṣúgà kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń jẹ́ láátóòsì. Ẹ́ńsáìmù kan tí ó ń jẹ́ láátéèsì ni ó ń fọ́ ọ nínú ìfun. Ọmọ ọwọ́ ní láátéèsì yìí lọ́pọ̀ yanturu, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a bá já ọmọ lẹ́nu ọmú, ó máa ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn àgbàlagbà ayé ni ọ̀rọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀ fún. Láàárín àwọn Fúlàní, tí ìran wọn ti ń mu mílíìkì láti ayébáyé, àwọn tí láátéèsì wọn kì í dín kù pọ̀ ju ti àwọn Yorùbá lọ. Inú kíkùn, inú wíwú àti ìgbẹ́ gbuuru tó máa ń dé bá àwọn kan lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹ kọ́nfílékì, láátóòsì ni ó sábà ń fà á, kì í ṣe kọ́nfílékì.

Àwọn mìíràn wà tí ìgbàgbọ́ wọn kò jẹ́ kí wọ́n jẹ ohunkóhun tó ti ara ẹranko wá. Ní ọdún 1944 ni irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ dá ẹgbẹ́ Vegan Society sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ìbátan tó wà láàárín oúnjẹ àárọ̀ oníkóró àti àwọn tí kì í jẹ ẹran ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1863, dókítà kan tí ó ń jẹ́ James Caleb Jackson ṣe Granula ní ìlú Dansville, ní ìpínlẹ̀ New York. Ó le débi pé a ní láti rẹ ẹ́ mọ́jú kí eyín tó lè ran án. John Harvey Kellogg, tí ó ṣe oúnjẹ àárọ̀ oníkóró pẹlẹbẹ àkọ́kọ́ ní 1894, jẹ́ olórí ilé ìwòsàn ìjọ Adventist ní Battle Creek, ní ìpínlẹ̀ Michigan, níbi tí wọn kò ti ń fún aláìsàn ní ẹran. Adventist ni Harry Miller náà, dókítà ará Amẹ́ríkà tí ó ń ṣe mílíìkì sóyà sínú ìgò ní Shanghai ní àwọn ọdún 1930. Àwọn ará Ṣáínà ti ń mu omi sóyà gbígbóná ní òwúrọ̀ tipẹ́tipẹ́ kí Miller tó dé ibẹ̀. Ìgò àti ọ̀nà ìtọ́jú ni tirẹ̀.

Lónìí, inú páálí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ mílíìkì ohun ọ̀gbìn. Nínú páálí bẹ́ẹ̀, yàtọ̀ sí omi àti kóró, a sábà máa ń rí òróró, iyọ̀, ṣúgà, òórùn àtọwọ́dá, gọ́ọ̀mù tí kò jẹ́ kí ó silẹ̀, àti kálísíọ́ọ̀mù pẹ̀lú fítámì tí a fi kún un. A ti gbé e gba inú ooru tó tó 140°C fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi lè wà lórí pẹpẹ fún oṣù mélòó kan láìbàjẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Carlos Monteiro àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì São Paulo ní Brazil ni wọ́n gbé ètò NOVA kalẹ̀, èyí tí ó pín oúnjẹ sí ọ̀wọ́ mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ẹ̀rọ inú rẹ̀ ti pọ̀ tó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn páálí wọ̀nyí bọ́ sí ọ̀wọ́ kẹrin, tí iṣẹ́ ẹ̀rọ inú rẹ̀ pọ̀ jù lọ. Èyí kò sọ wọ́n di májèlé. Ohun tó yẹ kí ó ká olùrà lára ni pé kóró inú wọn lè kéré jọjọ: àwọn páálí álímọ́ńdì kan wà tí álímọ́ńdì inú wọn kò ju ìdá 2 nínú 100 lọ.

Èyí tí a ṣe nílé kò ní gọ́ọ̀mù, nítorí náà yóò silẹ̀. Kò gba inú ooru ilé-iṣẹ́ kọjá, nítorí náà yóò tètè bàjẹ́. Kò ní kálísíọ́ọ̀mù àfikún, nítorí náà ẹni tó ń mu ún gbọ́dọ̀ wá kálísíọ́ọ̀mù síbòmíràn. Gbogbo ohun tí a bá gbà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́, ọwọ́ ẹni tó wà nídìí ààrò ni ó bọ́ sí, ó sì gbọ́dọ̀ mọ ìdí tí ó fi ń ṣe ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Sóyà ni ọ̀gá láàárín wọn, nítorí òun nìkan ni purotéènì rẹ̀ lè dúró ti mílíìkì màlúù. Nínú 100 gíráàmù sóyà gbígbẹ, nǹkan bí 36 ni purotéènì, nǹkan bí 20 sì ni ọ̀rá. Láísììnì tí àgbàdo kò ní tó wà nínú rẹ̀ dáadáa. Ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn IITA, tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, ṣe iṣẹ́ gidi láti mú sóyà wọ inú oúnjẹ ilé ní Nàìjíríà. Wàrà sóyà díndín tí wọ́n ń tà lójú pópó, láti inú mílíìkì sóyà ni ó ti wá: a fi omi ògì kíkan tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ dì í, a sì fún omi rẹ̀ kúrò. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe ti mọ mílíìkì sóyà í ṣe. Kí ó kàn dúró kí ó tó dì í ni.

A ó ṣa òkúta àti èyí tó ti jẹrà kúrò, a ó fọ̀ ọ́, a ó sì rẹ ẹ́ sínú omi púpọ̀ fún wákàtí 8 sí 12. Ní ìgbà ooru, ó dára kí a pààrọ̀ omi náà lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, nítorí bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kan, mílíìkì náà yóò dì nígbà tí a bá ń sè é. Bí ó bá ti wú, a ó fi ọwọ́ ra á kí èèpo rẹ̀ bọ́, bí a ti ń bó ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín.

Ibi tó kàn yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í. Òórùn ẹ̀wà tútù tí kò jẹ́ kí àwọn ọmọdé fẹ́ mílíìkì sóyà kì í ṣe àbùdá sóyà fúnra rẹ̀. Ẹ́ńsáìmù kan ló wà nínú kóró náà tí ó máa ń dojú kọ ọ̀rá rẹ̀ ní ìṣẹ́jú tí a bá lọ̀ ọ́ tí omi àti afẹ́fẹ́ sì kàn án. Láti ibẹ̀ ni òórùn náà ti ń jáde. Bí ó bá ti jáde, sísè kò lè mú un kúrò tán. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí a bá fi omi tó gbóná gan-an lọ sóyà, ẹ́ńsáìmù náà a kú kí ó tó ríṣẹ́ ṣe. Nínú ilé, ohun tí èyí túmọ̀ sí ni kí a da sóyà tí a ti bó sínú omi tó ń hó, kí ó hó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí a da omi náà nù, kí a sì lọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi gbígbóná mìíràn. Ìgbésẹ̀ kékeré yìí ló ya mílíìkì sóyà tó ṣeé mu sọ́tọ̀ sí èyí tí a ó fi ṣúgà bò mọ́lẹ̀. Kí ẹni tó ń fi bílẹ́ńdà lọ̀ ọ́ má ṣe kún un dẹ́nu, nítorí omi gbígbóná lè ta ìdérí rẹ̀ dànù.

Ife sóyà gbígbẹ kan gba omi ife méje sí mẹ́jọ. A ó sẹ́ ẹ pẹ̀lú asẹ́ tó nípọn, bí èyí tí a fi ń sẹ́ ògì, a ó sì fún un gbẹ. Lẹ́yìn náà ni a ó gbé e kaná. Kí ó tó hó ní tòótọ́, ìfófòó rẹ̀ yóò ru sókè lójijì títí dé ẹnu ìkòkò. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ó ti jinná, yóò sì gbé e sọ̀. Kò tíì jinná. Ọ̀wọ́ àwọn purotéènì kan wà nínú sóyà tútù tí kì í jẹ́ kí ìfun lo purotéènì inú oúnjẹ bó ti yẹ, tí ó sì lè mú ènìyàn bì. Ooru nìkan ló ń ṣẹ́gun wọn. A ó dín iná kù, a ó máa rò ó kí ó má baà jóná nísàlẹ̀, a ó sì jẹ́ kí ó máa hó fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí ìfófòó náà bá ti rọlẹ̀. Iyọ̀ ṣín-ín-ṣín a máa fún un ládùn ju ṣúgà púpọ̀ lọ.

Ọ̀fíọ̀ yàtọ̀ pátápátá. Bí orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ fi jọ ẹ̀pà, ìṣù kékeré abẹ́ ilẹ̀ ni, láti ara koríko kan; Àríwá Nàìjíríà ni wọ́n ti ń gbìn ín jù, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń pè é ní ayá. Ní àgbègbè Valencia ní Sípéènì, mílíìkì rẹ̀ ti di ohun mímu ìlú, tí wọ́n ń tà ní tútù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Adùn rẹ̀ kò nílò ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: ṣúgà wà nínú rẹ̀ látilẹ̀wá, ọ̀rá rẹ̀ sì jọ ti òróró ólífì. Bí a bá ń sọ ti adùn lórí kọ́nfílékì tútù, kò sí èyí tó tó o. Ṣùgbọ́n purotéènì rẹ̀ kéré, kò sì lè gba ipò sóyà.

Èyí tó bá gbẹ ni a ó rẹ fún ọjọ́ kan sí méjì, a ó sì máa pààrọ̀ omi rẹ̀ léraléra. Èyí tó bá tutù kò nílò jù wákàtí mélòó kan lọ. A ó lọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi tútù, ife mẹ́ta sí mẹ́rin sí ife ọ̀fíọ̀ tí a ti rẹ, a ó sẹ́ ẹ, a ó tún da omi díẹ̀ sí eèrí rẹ̀, a ó sì sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì. Dàbínù mélòó kan àti atalẹ̀ díẹ̀ tí a lọ̀ pọ̀ mọ́ ọn bá a mu.

Ohun tó ṣòro nínú ọ̀fíọ̀ ni pé a kò lè sè é bí sóyà. Sítáàṣì pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì máa ń di bí ẹ̀kọ bí ooru bá ti kọjá nǹkan bí 70°C. Ìyẹn ni pé mílíìkì ọ̀fíọ̀ tí ó ṣì ń ṣàn kò tíì gba ooru tó lè pa kòkòrò àìfojúrí tán, bẹ́ẹ̀ inú ilẹ̀ ni ìṣù náà ti jáde wá. Ìdáàbòbò rẹ̀ kò kọjá ìmọ́tótó: kí a ṣa èyí tó ti ya tàbí tó ti hu èbu kúrò, kí a fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́ kedere, kí omi tí a fi lọ̀ ọ́ jẹ́ èyí tí a ti sè tí a sì jẹ́ kí ó tutù, kí a fi omi gbígbóná fọ bílẹ́ńdà àti asẹ́. Fún aláboyún, arúgbó tàbí aláìsàn, ó sàn kí a sè é títí yóò fi ki, kí a sì lò ó bí ẹ̀kọ sórí ọ́ọ̀tì.

Àgbọn rọrùn láti ṣe: a ó rin ín, a ó da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, a ó pò ó, a ó sì fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀rá rẹ̀ máa ń dì bí ó bá ti tutù sí ìsàlẹ̀ 24°C tàbí ibẹ̀ yẹn. Nínú fíríìjì, yóò di ìpele líle lókè omi, bí a bá sì dà á sórí kọ́nfílékì tútù, yóò máa ṣe kókókó lẹ́nu. Orí ọ́ọ̀tì gbígbóná ni ààyè rẹ̀. Purotéènì rẹ̀ kò tó nǹkan, ọ̀rá rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí àwọn dókítà ń gbà wá níyànjú pé kí a ṣọ́ra fún. Kí ó jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó má ṣe jẹ́ ti ojoojúmọ́.

Mílíìkì ẹ̀pà ní ìtàn tirẹ̀. Ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 1921, George Washington Carver, olùwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn ní ilé ẹ̀kọ́ Tuskegee ní Amẹ́ríkà, gbé e lọ hàn níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin Amẹ́ríkà pẹ̀lú oríṣiríṣi ohun tí ó fi ẹ̀pà ṣe. Purotéènì rẹ̀ dára, bí kò tilẹ̀ tó ti sóyà, a sì máa ń ṣe é bí ti ọ̀fíọ̀, àfi pé a ó sè é fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn tí a bá ti sẹ́ ẹ. Ewu rẹ̀ ni àfílátóksìn, májèlé tí èbu máa ń ṣe sára ẹ̀pà tí kò gbẹ dáadáa. Ní 1960, ó lé ní 100,000 tòlótòló tí ó kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí oúnjẹ ẹran tí a fi ẹ̀pà láti Brazil ṣe. Nípasẹ̀ ìyẹn ni ayé fi mọ májèlé yìí. Yíyan kì í pa á tán, sísè náà kì í pa á tán. Nítorí náà, ẹ̀pà tó bá ti hunjọ, tó ti yí àwọ̀ padà tàbí tó korò lẹ́nu, a gbọ́dọ̀ dà á nù láìkáàánú. Àwọn ènìyàn kan sì wà tí ẹ̀pà fúnra rẹ̀ jẹ́ èèwọ̀ fún ara wọn, tí ẹyọ kan ṣoṣo lè mú èémí wọn dí.

Kajú kò nílò asẹ́ rárá bí a bá rẹ ẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga. Ti ọ́ọ̀tì, ọgbọ́n ilé-iṣẹ́ ló wà nídìí rẹ̀: Rickard Öste ti Yunifásítì Lund ní Sweden ni ó wá ọ̀nà láti fi ẹ́ńsáìmù fọ́ sítáàṣì rẹ̀ di ṣúgà, tí ó fi ń ṣàn tí ó sì dùn. Láìsí ẹ́ńsáìmù yẹn, mílíìkì ọ́ọ̀tì inú ilé máa ń yọ̀ bí ilá. Kò sì sí ìdí pàtàkì kan tí ènìyàn yóò fi ra ọ́ọ̀tì tí ó ti òkè òkun wá, kí ó sẹ́ èyí tó dára jù nínú rẹ̀ nù, kí ó wá da omi rẹ̀ sórí ọ́ọ̀tì mìíràn.

Nínú abọ́, kí a mì ìgò dáadáa kí a tó dà á, nítorí èyí tó silẹ̀ ni ó ní oúnjẹ nínú jù. Kọ́nfílékì fẹ́ mílíìkì tó tutù tó sì fúyẹ́. Èyí tó bá ki yóò lẹ̀ mọ́ ọn, yóò sì sọ ọ́ di lẹ́búlẹ́bú. Ọ́ọ̀tì ní tirẹ̀ a máa gba èyí tó ki. Ògì ni ó ní ìṣòro: ó kan, kíkan sì ni ó ń dì mílíìkì sóyà. Bí a bá da mílíìkì sóyà sórí ògì gbígbóná, ó lè dì wẹ́wẹ́ bí wàrà. Kò bàjẹ́, ojú rẹ̀ ni kò wuni. Ohun tó sàn jù ni kí a lọ sóyà tí a ti bọ̀ pọ̀ mọ́ ọkà nígbà tí a bá ń ṣe ògì náà, bí ọ̀pọ̀ ìyá ti ń ṣe fún ọmọ wọn.

Mílíìkì sóyà tí a sè dáadáa lè lo ọjọ́ mẹ́ta nínú fíríìjì tó tutù gidi, ti ọ̀fíọ̀ kò yẹ kí ó kọjá ọjọ́ méjì. Níbi tí iná mànàmáná kì í ti í dúró, ìwọ̀n tí a ó lò tán láàárọ̀ náà ni ó yẹ kí a ṣe. Ó rọrùn kí a bó sóyà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí a bọ̀ ọ́, kí a sá a gbẹ, kí a sì máa mú díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀. Eèrí sóyà ṣì ní purotéènì. A lè pò ó mọ́ ẹ̀wà lílọ̀ fún àkàrà, kí a sì rí i pé ó jinná. Eèrí àgbọn àti ti ọ̀fíọ̀ a máa wọ inú búrẹ́dì tàbí bísíkíìtì.

Kálísíọ́ọ̀mù inú mílíìkì màlúù tó nǹkan bí 120 mílígíráàmù nínú 100 mílílítà. Èyí tí a ṣe nílé kò sún mọ́ ọn. Ẹ̀fọ́ ewédú àti yànmọ̀tí tí a kò bó lè ràn án lọ́wọ́. Fítámì B12 kò sí nínú kóró kankan, bí a ti wù kí a lọ̀ ọ́ tó. Ẹni tí kò bá jẹ ohunkóhun tó ti ara ẹranko wá rárá gbọ́dọ̀ máa lo oògùn rẹ̀ tàbí oúnjẹ tí a fi sí, nítorí àìní rẹ̀ máa ń ba ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ara jẹ́ láìtètè hàn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ọmú ìyá tàbí mílíìkì ìkókó tí a ṣe fún irú ọjọ́ orí rẹ̀ nìkan ni mílíìkì tirẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn tí a mẹ́nu bà wọ̀nyí tí a lè fi dípò rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, a lè fi mílíìkì sóyà sí oúnjẹ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ìmọ̀ràn nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tó ń wọn ọmọ náà, níwọ̀n ìgbà tí oríṣiríṣi oúnjẹ mìíràn bá wà nínú àwo rẹ̀.